Ọpẹ́ Ọmú Lẹ́nu-Ọ̀nà Bàbá Kékeré

Mo rántí ìgbà tí ohùn mi ń gba imú jáde. Kì í ṣe pé òtútù mú mi, kì í sì í ṣe àìsàn. Mo fi ìyà kọ́ ọ ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin tí mo lọ, òyìnbó obìnrin kan tí à ń pè ní Mísì ló kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ kọrin gbọ́dọ̀ la ẹnu roboto, kó sọ àgbọ̀n kalẹ̀, kó sì jẹ́ kí ohùn gòkè lọ síbi tí imú ti pàdé iwájú orí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ohùn náà sílẹ̀ fún Mísì lọ́jọ́ tí a jáde. Èmi gbé tèmi wálé sí Ìlọrà, láàárín àwọn àgbẹ̀ oníṣu àti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, mo sì ń fi í kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni tí iṣu gbígbóná há sí lẹ́nu.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí. Tíṣà ni mí nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì gbà pé èmi gan-an ni òpó tó gbé ẹgbẹ́ náà dúró. Díákónì ni bàbá mi, àgbẹ̀ ni pẹ̀lú. Bí o bá jí i lójú oorun tí o pe nọ́ńbà orin kan fún un, á kọ́kọ́ sọ ìlà àkọ́kọ́ orin náà kó tó bi ọ́ pé ta ló kú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún nọ́ńbà. Bí òjò rọ̀, mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí ìkórè dé, mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n bímọ ni o, wọ́n sìnkú ni o, wọ́n ṣílé tuntun ni o, mo mọ ojú ewé tó wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni mo gbà gbọ́, ìwé orin ni ǹ bá ṣí lé e lọ́wọ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò lọ sílé-ìwé. Gàrí ló ń yan. Bó bá jókòó nídìí agbada, á máa dá orin fún ara rẹ̀, á máa pe Jésù sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tí kò gbẹ, sí ọ̀rọ̀ èéfín tó ń ta á lójú, sí ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn ún. N kò ka ìyẹn mọ́ orin. Mo rò pé ohun tó fi ń gbàgbé ooru iná ni.

Níbi tí ayé mi gún régé dé yìí ni pásítọ̀ tuntun dé sí ìjọ wa, tòun ti ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Fìdítì ni ìyàwó náà, wọ́n sì sọ fún mi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ lòun náà lọ, pé òun ni ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Inú mi dùn ju ti ẹni tó rí ẹbí he lọ. Mo ní ọmọ Mísì mìíràn ti dé, a ó jọ máa fi ohùn gidi bo àwọn ará ìlú yìí mọ́lẹ̀. Mo tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìjókòó akọrin. Kò jókòó síbẹ̀. Ó lọ jókòó sáàárín àwọn ìyá, ó sì dá orin. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, àyà ló ti wá, ohùn ẹni tó ń ké sí ẹnìkejì rẹ̀ lódìkejì odò ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú tì mí fún un, nítorí òun alára kò mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun.

Orin tó ń kọ́ àwọn ìyá kò sí nínú ìwé kankan. Ó mú ohùn orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó mú ti eré òṣùpá, ó mú ti ẹkún ìyàwó pàápàá, ó sì fi ọ̀rọ̀ Jésù sí i lẹ́nu. Ẹnì kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dá a díẹ̀, á na ọwọ́ sí ẹlòmíràn pé kó gbà á, onítọ̀hún á sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i: ọ̀kan á dúpẹ́ pé ikọ́ ọmọ òun ti lọ, ọ̀kan á bẹ Olúwa pé kó bá òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ nítorí ẹnu òun ti bó. Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn díákónì. Bàbá mi dìde níbẹ̀, ó ní òun kò ní ohun búburú í sọ, ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní: orin tí kò ní nọ́ńbà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ máa kéde rẹ̀? Ìpàdé wá fẹnu kò pé kí àwọn ìyá máa kọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n má kọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Mo ti bàbá mi lẹ́yìn gbágbáágbá. Mo ń sọ kiri pé ariwo lásán ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbédè ẹgà ní í sọ pé ẹgà ń pàtótó. Èmi tí mo gbọ́ èdè òyìnbó, n kò gbédè ẹyẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé wa.

Síbẹ̀ mo ní àánú lójú. Mo pinnu pé màá tún orin àwọn ìyá náà ṣe fún wọn. Mo gbé pátákó ilé-ìwé lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo kó ẹfun dání, mo sì kọ gbogbo orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ ní dò-rè-mí, ìlà lórí ìlà, ó mọ́ tónítóní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún gbé e dé. Ìyàwó pásítọ̀ dá orin, kò sì sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó bá ti orí pátákó mu. Mo dá wọn dúró.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báyìí kọ́ lẹ ṣe kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èwo gan-an ni ojúlówó?"

Ó wo pátákó, ó wò mí. Ó ní, "Àbúrò mi, o bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ohun tí o bá a sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà lo tún sọ fún un?"

Mo fẹ́ ní rárá, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun kan náà ni. Inú ìwé ni mo ti ń kà á. Mo rọra gbé pátákó mi, mo lọ. Àwọn ìyá kí mi pé mo kú iṣẹ́, ìkíni náà sì wọ̀ mí lára ju èébú lọ.

Láàárín ìgbà náà ni wọ́n ń kéde ìgbéyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni àfẹ́sọ́nà mi náà, ní Fìdítì. Onísùúrù èèyàn ni. Ó sọ fún mi pé ohùn orin mi dùn mọ́ òun, n kò sì tún gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

Ní agbègbè tiwa, ọmọbìnrin kì í kàn gbé àpótí rẹ̀ kó lọ sílé ọkọ. Bó bá ku ọ̀la, á kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, á máa lọ láti ẹnu-ọ̀nà dé ẹnu-ọ̀nà nínú ẹbí, á máa sun ẹkún ìyàwó. Ẹkún ẹnu ni, orin ni. Á dúpẹ́ oore tí onílé ṣe fún un, á sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù níbi tó ń lọ, á sì tọrọ ire. Onílé náà á dá a lóhùn, á wúre fún un, wọn á jọ sunkún tó bá yá. Àwọn àgbà ìjọ ti ìgbà náà ti fòpin sí i fún àwọn ọmọ onígbàgbọ́, wọ́n ní orúkọ òrìṣà pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ sílé ọkọ, ó dúró níwájú ìyá mi, ó kọ orin òyìnbó kan, ó tẹríba, ó sì jáde. Èmi ti pinnu pé tèmi á ju tirẹ̀ lọ. Orin òyìnbó elẹ́nìkan, tó ga débi pé ajá á gbọ́ ọ kí èèyàn tó gbọ́ ọ, ni mo ń fi kọ́ra nínú oko ọsàn bàbá mi. Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan tó ń ti ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rín bọ̀ ju àdá àti igi ìdáná rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọ inú oko wá bá mi. Ó ní, "Ta ló já bọ́ lórí igi?"

Mo rò ó fún ìyá mi kí ó lè bá mi rẹ́rìn-ín sí àgbẹ̀ aláìmọ̀kan yìí. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Gàrí ló ń rò lórí iná, kò dáwọ́ dúró. Ó bi mí pé ṣé orin tí mo fẹ́ fi dágbére fún òun nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé orin ńlá ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ náà kọ orin ńlá. Mo jókòó, mo ń retí ibi tí màá ti dá a lóhùn, n kò rí i. Mo rò pé bó bá kọ ọ́ síwájú díẹ̀ sí i yóò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn tẹríba, ó jáde. Ire tí mo fẹ́ wú fún un, ẹnu mi ló wà títí dòní yìí."

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ sì lè wú u fún un nígbàkigbà tó bá wálé."

"Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi." Ó bu gàrí sínú igbá, ó tún da òmíràn sórí iná. "Ìwọ lo kẹ́yìn. Bí o bá fẹ́ ire mi, ohùn tí mo lè dá lóhùn ni kí o fi tọrọ rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́, màá tún gbé e mì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lè gbéraga tó bó ti wù kó rí, n kò fẹ́ lọ sílé ọkọ kí ire ìyá mi wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbéra tìtìjú-tìtìjú, mo lọ sílé pásítọ̀. Mo bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní kí ó jọ̀ọ́ kọ́ mi ní ẹkún ìyàwó onígbàgbọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sún àpótí fún mi, ó bu ẹ̀gúsí sí mi lẹ́sẹ̀, a jọ ń bó o. Ó ní, "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù nípa ilé ọkọ?"

Mo ní kò sí.

"Kí lo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún ọ níbẹ̀?"

Mo ronú díẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà orin kan fún un. Ẹ̀rín pa á débi pé ẹ̀gúsí tó ti bó dànù mọ́ èèpo, a sì tún ní láti ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tó nu ojú tán, ó dá ẹkún kan fún mi láti fi hàn mí bí ohùn náà ṣe ń lọ:

*Mo wá gbàre o, ẹ má jẹ̀ẹ́ n lọ lọ́wọ́ òfo,*
*Ẹ ṣeun ọmú tí ẹ fún mi mu,*
*Ẹ ṣeun ẹ̀yìn tí ẹ fi pọ̀n mí.*
*Olúwa tó dá yín sí, kó sìn mí délé ọkọ.*

Ó ní, "Àpẹẹrẹ lásán nìyí o. Ọ̀rọ̀ ìyá tèmi ló wà níbẹ̀. Ohun tí oníkálukú ṣe fún ọ ni kí o máa wò bí o bá dé ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. A kì í jáde nílé wa ká lọ fi ẹnu ẹlẹ́nu bẹ Ọlọ́run. Ìyókù wà nínú rẹ, ìwọ ni o máa fà á jáde."

Mo ní mo ti gbọ́. Bàbá mi náà gbọ́, ó sì gbà, pé bí kò bá ti sí orúkọ òrìṣà níbẹ̀ kò burú, kìkì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi nọ́ńbà kan kádìí rẹ̀ kí ó lè dà bí ìsìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti yege ìdánwò rí, ojú ìdánwò ló fi ń wo gbogbo nǹkan. Wọ́n fún mi ní àpẹẹrẹ, wọ́n ní kí n wá ìdáhùn tèmi. Èmi há àpẹẹrẹ sórí. Mo fi dò-rè-mí sí i lábẹ́. Mo ń kà á bí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń kà á bí mo bá ń lọ ata, títí tó fi ń sáré jáde lẹ́nu mi láìjẹ́ pé orí mi mọ̀ sí i. Mo ní ẹkún ìyàwó ti parí.

Ọjọ́ pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la, mo kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tí mo ti fi dò-rè-mí dá lóró fún ọjọ́ pípẹ́. Mo kọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ tí mo bá fi parí ìlà ni kí wọ́n máa gbè. Ètò wa ni pé a ó kọ́kọ́ yí ilé ẹbí ká, ẹnu-ọ̀nà ìyá mi la ó sì fi kádìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin la bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dúpẹ́ ọmú, mo dúpẹ́ ẹ̀yìn. Ìyá náà kò fún mi lọ́mú rí, ṣùgbọ́n ó pọ̀n mí dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré, ó gbojú fo èkíní nítorí èkejì, ó wúre fún mi, ó sì na aṣọ lé mi léjìká. A dé ilé kejì, ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bákan náà ni. Wọ́n ń yìn mí. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ irú èyí. Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ohùn, ohùn imú Mísì sì ń yọ́ wọ inú ẹkún náà lọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣejù ṣe gbé wa dé ẹnu-ọ̀nà Bàbá Kékeré.

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré. Ọsàn ló ń gbìn. Kò gbéyàwó rí, kò sì bímọ. Àgbà àpọ́n ni, òun nìkan ló ń gbé nínú yàrá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo bá a tó jókòó lórí àga lẹ́nu-ọ̀nà, ó wọ agbádá tó ń wọ̀ fún Kérésìmesì, ó sì dé fìlà. Èrò ti tẹ̀lé wa délẹ̀ nígbà náà, àgbàlá kún. Mo kúnlẹ̀. Mo di ojú. Mo la ẹnu roboto. Ẹnu mi sì sáré lọ síbi tí mo ti kọ́ ọ sí:

*Ẹ ṣeun ọmú tí ẹ fún mi mu…*

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí mo ti kọ́ ní ìgbọràn, gbè é tokuntokun: "Ọmú tí ẹ fún mi mu! Ọmú tí ẹ fún mi mu!" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbè é kí ó tó yé wọn. Mo gbọ́ tí ohùn kan já, tí òmíràn já, tí gbogbo àgbàlá sì hó yèè. Obìnrin kan di inú mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fò sókè, wọ́n ń tọ́ka sí àyà Bàbá Kékeré. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, ǹ bá wọlé, ǹ bá sì bá a pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá Kékeré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dìde, ó fi ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, "Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Olúwa á sìn ọ́ lọ. Ilé ọkọ á tù ọ́ lára. O ò ní ké, kí n má gbọ́." Mo rò pé ó ń bò mí láṣìírí ni. Mo dìde láì wo ojú rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹnu-ọ̀nà tó kù ni ti ìyá mi. Ẹ wá wò mí bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ orin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ti di ẹ̀rín, bí mo bá tún la ẹnu pe ọmú, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ìyókù. N kò ní òmíràn. Ìyá mi jókòó lórí ẹní, ó wọ ìró rẹ̀ tó mọ́, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń wò mí. Ó ń retí. Bàbá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin. Ìyàwó pásítọ̀ wà láàárín èrò, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo wá nọ́ńbà nínú orí mi, nọ́ńbà àìmọye ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n kọ ẹ̀rù ilé ọkọ sí. Ìgbà yẹn ló hàn sí mi pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, ó ti ń bà mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kéde wa, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ọlọ́run, nítorí pé n kò rí i nínú ìwé.

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kò gba imú. Ó há, ó dún bí ohùn ẹni tó ń yan gàrí nínú èéfín. Mo ní, ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí o. Mo ní, n ò mọ ọbẹ̀ í sè bí i tiyín, n ò sì jẹ́ kí ẹ kọ́ mi, mo ní ìwé ni mò ń kà. Mo ní, mo gbọ́ orin yín nídìí agbada, mo rò pé ariwo ni, Jésù tí ẹ ń pè síbẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dé Fìdítì. Lẹ́yìn náà n kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá ìyá mi ni, bóyá Olúwa ni. Mo kàn ń sọ ọ́: Olúwa, èmi rèé, n kò ní nọ́ńbà, mo wá gbàre. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò gbè é. Wọ́n ń sunkún.

Ìyá mi gbà á. Kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ rárá. Bí mo ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ló gbé e, ohùn kan náà, ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré tí n kò gbọ́ rí. Ó wúre fún oríkèé ara mi. Ó wúre fún ọwọ́ mi pé yóò mọ ọbẹ̀, fún ẹnu mi pé kò ní di, fún inú mi pé yóò gbọmọ. Ó sọ fún Jésù pé òun ti yan gàrí tọ́ ọmọ yìí, kí Ó bá òun gbà á lọ́wọ́ òun báyìí, ọwọ́ òun ti kún. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò sí níbẹ̀, ó sì wúre tirẹ̀ náà mọ́ ọn, gbogbo èyí tó ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́. Ó parí. Bàbá mi gbé ìwé orin sókè bí a ti ṣe àdéhùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ orin… ẹ jẹ́ ká kọ nọ́ńbà…" Ó dúró. Díákónì tó ń sọ nọ́ńbà lójú oorun kò rí ẹyọ kan pè. Ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Àmín ni," ó sì wọlé lọ fun imú.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹkún ìyàwó tó bà jẹ́ lẹ́nu-ọ̀nà Bàbá Kékeré ni kò jẹ́ kí n rí nǹkan hásórí mọ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Àmọ́ mo jẹ ẹ̀sín rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo bá ti Fìdítì wálé, àwọn ọmọdé Ìlọrà á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọn á máa gbè é fún mi. Ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì ń fi í ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nílé. Mo wọ inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní Fìdítì, mo ń gbè, mo sì ń dá a nígbà tó bá kàn mí, pẹ̀lú ohùn tó há yẹn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí orin náà kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé nígbẹ̀yìn, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà.

Nígbà tí Bàbá Kékeré di arúgbó tí kò lè lọ sóko mọ́, mo lọ kí i. Mo yan àgbàdo lọ fún un, a jókòó lẹ́nu-ọ̀nà yẹn. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ má bínú ẹ̀sín ọjọ́ náà, pé ohun tí mo há sórí ló ṣe mí. 

Ó ní, "Ẹ̀sín wo? Láti ìgbà tí mo ti wà nínú agboolé yìí, gbogbo ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ ló ń fo ẹnu-ọ̀nà mi kọjá. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àpọ́n? Ìwọ lo yà. Mo ti wọ agbádá láti àárọ̀, mo ń sọ fún ara mi pé kò ní yà. O yà, o sì dúpẹ́ ọmú." Ó rẹ́rìn-ín wàyí, ẹ̀rín tó ti fi pamọ́ látọjọ́ yẹn. "Tún un sun fún mi."

Mo kúnlẹ̀, mo tún un sun, mo dúpẹ́ ọmú, mo dúpẹ́ ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó tún wúre náà.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, òun àti ìyá mi. Èmi náà ti dàgbà, kò sì sí ẹnu-ọ̀nà tí mo lè kúnlẹ̀ sí mọ́ bí ẹ̀rù bá bà mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Láàárọ̀, kí n tó dá iná, mo máa ń sun ẹkún mi fún Olúwa. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ èéfín. Bí mo bá dé ibi ọpẹ́, mo máa ń dúpẹ́ ọmú tí Ó fún mi mu. Bàbá Kékeré tí kò bímọ rí gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì wúre fún mi lé e lórí. N kò rò pé Ẹni tó dá gbogbo wa máa kọ̀ ọ́. Bó bá sì rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú. Ohùn imú ọjọ́sí náà, Òun ló fara dà á.